Onígbàjámọ̀ Tó Pe Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyàwó Rẹ̀ Lẹ́jọ́

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, ẹ kọ́kọ́ di ikùn yín mú kí n tó sọ ọ́, nítorí ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ pa yín, lẹ́yìn náà ni inú yóò wá bí yín. Ọkùnrin kan na ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ tó fi nà án rọ́. Ló bá múra, ó wọ bàtà, ó lọ sí ààfin lọ pe ìyàwó lẹ́jọ́ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ le jù.

Onígbàjámọ̀ ni ọkùnrin náà. Ọwọ́-Òwú ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, nítorí pé bó bá ń fá orí lọ́wọ́, ènìyàn lè sùn lọ fọnfọn lórí àga. Alágbàfọ̀ ni ìyàwó rẹ̀. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ń sùn sí ọ̀kan, èkejì kún fún aṣọ oníbàárà tó ń dúró de áyọ́ọ̀nù.

Obìnrin náà jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì lánàá, ó fi ìborùn bo apá òsì ojú rẹ̀. Ó ti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ láti ilé pé òun kò ní sunkún. Ẹkún tó wà níkùn òun, òun ti sun ún tán láàárín ọdún kan. Ohun tó kù kò ju pé kí òun fi etí ara òun gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí fẹ́ wí níwájú àgbàlagbà.

Akọ̀wé ààfin ṣí ìwé, ó kà á sínú, ó wojú Baálẹ̀.

"Ẹ má bínú o, Baálẹ̀. Ohun tó wà níbí ni pé: 'Onígbàjámọ̀ pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe ọwọ́ òun léṣe.'"

"Ta ló kọ ìkọkúkọ yẹn?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, òun ló ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í léèrè pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ nu ojú. "Ọwọ́-Òwú, dìde."

Ó dìde. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè kí gbogbo ilé lè rí i. Báńdéèjì ti wé e láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka, ó rí rùbùtù bí ọmọ tuntun tí wọ́n wé láṣọ.

"Kí Baálẹ̀ ó pẹ́. Ẹ wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ tó ń fá orí ìlú! Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí kò lè di abẹ mú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin yẹn ló sọ ọ́ dà báyìí."

"Báwo ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe pàdé ọwọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ ni, Baálẹ̀."

"Níbo?"

"Níwájú."

"Níwájú kí ni?"

"Níwájú ọwọ́."

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Olóyè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni obìnrin nínú ìgbìmọ̀ náà, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ onígbàjámọ̀ lọ.

"Ọwọ́ ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀," ló wí, "ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá lọ dá a lọ́nà?"

"Ẹ ṣé, Ìyá Olóyè. Ẹ bá mi sọ ọ́ dáadáa."

Kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń fi òun ṣẹ̀sín. Ó tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Kò sì tán síbẹ̀ o. Lẹ́yìn tó ṣe mí léṣe tán, ó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé. Orí àga tí mo fi ń fá irun ni mò ń sùn. Bí mo bá yí sọ́tùn-ún, àga á yí mi padà sósì. Èmi, olórí ilé! Ohun tí mo sì fẹ́ kò pọ̀. Kó bẹ ọwọ́ mi, kó sì ṣílẹ̀kùn."

"Kó bẹ ta?"

"Ọwọ́ mi, Baálẹ̀. Ó dùn ún."

Baálẹ̀ yíjú sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. "Alágbàfọ̀, o gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ. Ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi?"

Obìnrin náà dìde, ó ṣí ìborùn kúrò. Ẹ̀rín tán nílé. Ojú náà ti ń gbà padà o, ṣùgbọ́n láti abẹ́ ojú dé àgbọ̀n, ó pọ́n, ó dúdú, ó tún pupa rúsúrúsú, bí aṣọ tí àwọ̀ mẹ́ta jọ wọ̀ sí lára.

"Ẹ bi òun fúnra rẹ̀ léèrè, Baálẹ̀," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti ń là báyìí."

Ọ̀tún, àgbà ìjòyè tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú, tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ìyàwó, kí ló dá ìjà sílẹ̀?"

"Bọ́tìnnì ni, Bàbá."

"Bọ́tìnnì báwo?"

"Bọ́tìnnì já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo rán òmíràn sí i, funfun. Ó ní funfun yẹn funfun jù."

"Ó funfun jù?"

"Ó ní funfun ti àtijọ́ rọra funfun ni."

"Baálẹ̀, òótọ́ ni!" Onígbàjámọ̀ fò dìde. "Bí ẹ bá rí bọ́tìnnì ọ̀hún! Ó ń tàn yanran bí ojú ológbò!"

"Nítorí náà lo ṣe nà án?"

"Ẹn-ẹ́n, ibẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbá àyà mú, ó sì fajú ro. "Baálẹ̀, kì í ṣe èmi."

"Ta wá ni?"

"Àárẹ̀ ọkàn ni. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti kú, nǹkan kan máa ń ṣú bò mí lórí bí ìkúukùu. Bó bá ti dé, ó parí. N kì í mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe mọ́. Ìgbà tí ojú mi bá fi máa là, mo ti nà án tán. Ẹ má bá mi wí. Àìsàn ni kí ẹ bá wí."

Obìnrin náà wo ilẹ̀. Apá ibi tó le nínú ọ̀rọ̀ náà rèé, torí pé irọ́ ọ̀hún ní òótọ́ nínú. Àga méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló ń fá irun lórí èkejì, àwọn méjèèjì a máa bá ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀ dé alẹ́. Àbúrò kú lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì fi aṣọ bo àga náà. Òun aya ló ń jókòó ti ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí kò jẹun, tí kò wẹ̀, tó ń bá dígí sọ̀rọ̀. Ìgbà tó kọ́kọ́ gbá òun létí, òun sọ fún ara òun pé ọ̀fọ̀ ni. Ìgbà kejì, òun ní àìróorun-sùn ni. Ta ló ń fi ẹjọ́ aláìsàn sùn? Bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe ń gbé e mì títí ọdún fi yí po.

Baálẹ̀ ní kí ẹlẹ́rìí bọ́ síta. Ìyá onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ó fi ojú ìkà wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ kó tó dojú kọ ìgbìmọ̀.

"Ọmọ mi yìí? Láti kékeré, eṣinṣin kò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí."

"Kò na ìyàwó rẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ yìí?"

"Rárá o! Ìgbà tó nà án níjọ́sí, mo wà níbẹ̀, kò le rárá."

"Màmá, ẹ ní kò nà án rí."

"Mo ní kò nà án tó le."

"Lílù tí kò le, kí là ń pè é?"

"Irú èyí tí obìnrin ń gbé mì ni. Kí lẹ ń bi mí sí? Bàbá rẹ̀ náà ń nà mí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko. Ta ló gbọ́ pé mo pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́?"

Ìyá Olóyè tẹjú mọ́ ọn. "Àárẹ̀ ọkàn ló ń ṣe bàbá rẹ̀ náà ni?"

"Òun kẹ̀? Ara rẹ̀ le koko. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó kàn..." Ìyá arúgbó náà dúró. Ó la ẹnu, ó pa á dé. "Ó kàn máa ń nà mí ni."

Ìyá náà wò yíká bí ẹni tí wọ́n gbọ́ àṣírí lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó ń sùn. Ó wá ibi jókòó sí, kò sì tún wo ìkankan nínú àwọn méjèèjì mọ́.

Onílé wọn ló kàn. Apárí ni, orí rẹ̀ ń dán gbinrin.

"Baálẹ̀, èmi kò gbọ́ nǹkan kan."

"Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá tìrẹ àti tiwọn."

"Ògiri náà nípọn, Baálẹ̀. Èmi ni mo mọ ọ́n."

"O kò gbọ́ ariwo rí?"

"Rárá, rárá. Bí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, mo máa ń gbé ohùn rédíò mi sókè ni."

"Ariwo wo?"

"Èyí tí n kò gbọ́ yẹn."

Akọ̀wé gbé bírò kúrò lórí ìwé. "Baálẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ìyẹn?"

"Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Onílé, lọ́jọ́ tí ọwọ́ ọkùnrin yìí rọ́ ńkọ́? O gbé rédíò sókè?"

"Háà, lọ́jọ́ yẹn, bátìrì ti kú."

"Nítorí náà, o gbọ́."

"Mo fi ìka di etí, Baálẹ̀. Ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni. Ọmọlúwàbí kì í dá sí i."

"Bí iná bá sọ nínú yàrá wọn ńkọ́?" Ìyá Olóyè ló bi í. "Ṣé ọ̀rọ̀ lọ́kọláya nìyẹn náà?"

"Áà, ìyẹn yàtọ̀, Ìyá Olóyè. Ilé tèmi ló ń jó yẹn!"

"Jókòó," ni Baálẹ̀ wí. "Jókòó kí n tó rí nǹkan jù lù ọ́."

Wọ́n pe nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Baálẹ̀, ohun tí aláìsàn bá bá wa sọ, a kì í gbé e jáde, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí a sọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́!" Onígbàjámọ̀ ń fi báńdéèjì juwọ́. "Ẹ sọ ọ́ fún wọn, ẹ má fi ìkankan bò! Ẹ sọ pé àìsàn ń ṣe mí!"

"Àìsàn ń ṣe é lóòótọ́," ni nọ́ọ̀sì wí.

Ọwọ́-Òwú rẹ́rìn-ín, ó wò yíká bí ẹni tó ti gba ife ẹ̀yẹ.

"Oorun ò kùn ún. Oúnjẹ ò wù ú. Ó ní nígbà mìíràn òun kì í mọ ìdí tí òun fi ń jí. Àárẹ̀ ọkàn nìyẹn, kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣẹ̀rín. Ọ̀fọ̀ àbúrò rẹ̀ ló fà á. A fún un lóògùn, a ní kó máa bọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí a jọ máa sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti wá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

Ẹ̀rín ọkùnrin náà ṣá díẹ̀.

"Oògùn ńkọ́?"

"Kò padà wá gba èkejì. Baálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni irú àìsàn yìí ń ṣe nílùú yìí, ọkùnrin lobìnrin. Ara wọn ni wọ́n ń fìyà jẹ. Wọn kì í na ẹnikẹ́ni. Àìsàn lè mú kí inú ènìyàn bàjẹ́, ó lè mú kó máa kanra. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí oògùn kankan tí mo máa fún ènìyàn kó má na ìyàwó rẹ̀ nítorí bọ́tìnnì."

"Ó dáa. Alágbàfọ̀ ńkọ́? O mọ̀ ọ́n?"

Nọ́ọ̀sì wo obìnrin náà. Obìnrin náà mi orí pé kó máa sọ ọ́.

"Òun ló ń fọ aṣọ iṣẹ́ wa. Láti bí ọdún kan, bí mo bá lọ gba aṣọ, mo máa ń bá a níbi tó ti ń lọ ẹyọ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Kò ní mọ̀. Ibi tó ti lè rí ilẹ̀kùn nìkan ló máa ń dúró sí. Bí ọkọ rẹ̀ bá wúkọ́ níta, á yáa pa áyọ́ọ̀nù. Mo bi í pé ṣé ó ń sùn, ó ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú òun ń sùn. Bẹ́ẹ̀, kò tíì wá sí ilé ìwòsàn rí, torí ó ní ọkọ òun ni aláìsàn. Baálẹ̀, nínú àwọn méjèèjì yìí, ẹni tí ẹ̀rù àìsàn rẹ̀ ń bà mí jù kọ́ ló wé báńdéèjì."

Alágbàfọ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni rí òun. Ó rò pé bí aṣọ bá ti mọ́, tí ó nà gbọọrọ, ojú gbogbo ayé á bọ́ kúrò lára ọwọ́ tó lọ̀ ọ́.

Baálẹ̀ yíjú padà sí onígbàjámọ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Ọwọ́-Òwú, mo ti gbà pé àìsàn ń ṣe ọ́. Jẹ́ kó yé mi. Ìkúukùu yìí, ṣé ó máa ń kàn ọ́ lára kó tó dé?"

"Rárá, Baálẹ̀! Wàrà ló ń dé."

"Ó lè dé nígbàkígbà?"

"Nígbàkígbà!"

"Láàárọ̀?"

"Láàárọ̀, lọ́sàn-án, kò mọ ìgbà."

"Nínú ilé nìkan ni?"

"Àìsàn mọ ilé ni, Baálẹ̀? Àìsàn mọ ìta? Ibi tó bá wù ú ni."

"Tó bá sì ti dé, o kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ ń ṣe mọ́."

"N kì í mọ nǹkan kan. Mo lè búra."

Ọ̀tún rọra gbé ọwọ́ sí ọ̀fun ara rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ná," ló wí. "Ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ rọ́, ta ló fá etí irùngbọ̀n mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Kí lo mú dání?"

"Abẹ."

"Níbo lo gbé e sí?"

"Lọ́... lọ́fun yín, Bàbá."

"Yéè!" Ọ̀tún fò dìde. "Ikú gbé àga fún mi jókòó, èmi náà sì sùn lórí rẹ̀!"

Ilé dàrú. Ìjòyè kan ń fi ìka wá ọ̀fun ara rẹ̀ kiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Òmíràn ní ọmọkùnrin òun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lórí àga yẹn lóṣù tó kọjá. Akọ̀wé, tó fá orí kodoro, ti fi ìwé ẹjọ́ bo orí. Àwọn àgbàlagbà tó gbọ́ pé wọ́n na obìnrin tí wọ́n rẹ́rìn-ín ni ẹ̀ ń wò yìí o. Ìgbà tó kan ọ̀fun tiwọn ni ọ̀rọ̀ tó di ọ̀rọ̀.

Baálẹ̀ lu tábìlì. "Ó tán. A kò lè fi ìlú wewu. Akọ̀wé, kọ ọ́: lónìí yìí, kí wọ́n lọ ti ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ pa. Kí wọ́n lu agogo káàkiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé orí fún un mọ́ láéláé. Ọkùnrin tí kò mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe kò gbọdọ̀ mú abẹ."

"Baálẹ̀!" Igbe ńlá ni. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ọwọ́ mi kò gbọ̀n lórí ẹnikẹ́ni rí!"

"Títí ìkúukùu fi máa dé."

"Kò lè dé! Kì í dé ní ṣọ́ọ̀bù!"

"O ní kò mọ ilé, kò mọ ìta."

"Mo... ẹnu mi ló ṣì í sọ. Baálẹ̀, ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń fá irun, n kò gé ẹnikẹ́ni rí! Ọ̀gá ọlọ́pàá máa ń bú mi lórí àga mi, ó máa ń bú ìyá tó bí mi, ẹ̀rín ni mo máa ń rín!"

"Inú kì í bí ọ?"

"Inú máa ń bí mi, ó ń bí mi gan-an ni!"

"Abẹ wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, ó wà lọ́fun rẹ̀, n kì í sì ṣe nǹkan kan! Ṣé orí mi dàrú ni? Ọwọ́ mi kò ṣe ohun tí n kò rán an rí láyé! Mo mọ ẹni tí mo lè nà—"

Ó fi báńdéèjì bo ẹnu.

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Gbogbo ilé ló gbọ́ ọ.

"Parí rẹ̀," ni Ìyá Olóyè wí.

Kò parí rẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó nílò kó parí rẹ̀.

Alágbàfọ̀ gbórí sókè. Fún ọdún kan ló fi ń yí ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú ara rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa gbà dì í mú: pé kí ló dé tí ìkúukùu yìí kì í bá ọkọ òun lọ́nà, kì í bá a níbi iṣẹ́, tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé ló máa ń dúró dè é? Bó bá sì ti rò ó báyìí, á ní ọkàn òun burú, òun ń fura sí aláìsàn. Ọkùnrin náà rèé, ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbé e kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan kan tú lẹ́yìn ọrùn obìnrin náà, bí okùn aṣọ tí wọ́n já lójijì. Ó ti sọ pé òun kò ní sunkún. Kò sun ún.

"Akọ̀wé," ni Baálẹ̀ wí, "o kọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́, mo sì fa ìlà sí i nídìí."

"Alágbàfọ̀, kí lo fẹ́ kí a ṣe?"

"Mo fẹ́ kó rí ìwòsàn, Baálẹ̀." Ó ronú díẹ̀. "Kó má ṣáà jẹ́ nínú ilé mi."

Baálẹ̀ fara balẹ̀, ó dá ẹjọ́.

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ jàre. Láti ọjọ́ tí Ọlọ́run ti dá a, kò kúrò lójú ẹni tó ni ín. Ọwọ́ ló rìn lọ bá a nílé. Àlejò tó bá já wọlé onílé tí ìka rẹ̀ sì rọ́, kó má pe onílé lẹ́jọ́. Kọ́kọ́rọ́ tuntun náà jàre. Ìwọ Ọwọ́-Òwú, ohun tí o fi ẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ yìí, akọ̀wé yóò gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọ̀gá tó máa ń bú ọ yẹn á kà á. Ìyẹn ti ìjọba. Tèmi rèé: oṣù mẹ́fà, o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan abẹ, kódà bí ọwọ́ rẹ bá san lọ́la."

"Oṣù mẹ́fà! Baálẹ̀, irun ìlú á kún!"

"Kó kún. Irùngbọ̀n tèmi á gùn dé ìdodo, n ó fi so ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n o kò ní ti ṣọ́ọ̀bù o. Wàá ṣí i láràárọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wá, wàá dìde fún un, wàá sì sọ pé: 'Mo na ìyàwó mi. Ojú mi là sílẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń ṣe.' Ẹ̀yìn náà lo máa tó kí i."

"Oníbàárà mi ni wọ́n, Baálẹ̀!"

"Mo mọ̀. Oníbàárà tèmi náà ni wọ́n. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wàá lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé àìsàn ń ṣe ọ́ lóòótọ́, n kò sì fẹ́ kó pa ọ́. Nọ́ọ̀sì á fọwọ́ sí ìwé fún ọ. Ìṣẹ́gun kan tí o bá pa jẹ, oṣù kan á gorí mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì, ìyàwó ńkọ́?"

"Kó máa bọ̀ ní ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ tiẹ̀ á yàtọ̀ sí ti ọkùnrin yìí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló kù? Onílé! Gbé rédíò rẹ wá sí ààfin kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti òní lọ, etí nìkan ni wàá máa fi gbé ilé yẹn."

Bí ẹjọ́ ṣe tú ká nìyẹn.

Láàárọ̀ òní, alágbàfọ̀ ru agbọ̀n aṣọ tó ti lọ̀ tán, ó ń gbé e lọ fún oníbàárà kan ní ìsàlẹ̀ òpópónà. Ọ̀nà ibẹ̀ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Kò fẹ́ wo ibẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti dí. Àwọn ọkùnrin tò síta bí ẹni tó ń dúró de omi ẹ̀rọ. Àwọn tó ń dárúkọ Ọwọ́-Òwú bí oyin lẹ́nu lánàá ń ti ara wọn kiri kí wọ́n lè wọlé gbọ́ ọ. Onílé apárí náà wà níbẹ̀, tí kò ní ẹyọ irun kan lórí. Bí ẹnìkan bá wọlé, ohùn kan á kùn nínú, ẹni náà á jáde, á di ẹnu mú, á tún lọ tò sẹ́yìn.

Ìyá onígbàjámọ̀ yọ láti ìkòríta. Àwọn tó tò yà fún un. Ó gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ó wọlé, ó sì ká aṣọ kúrò lórí àga kejì, èyí tí kò sẹ́ni tó jókòó sí láti ọdún tó kọjá. Ó jókòó.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Alágbàfọ̀ dúró lódìkejì ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n lórí.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi," ni ọkùnrin náà wí.

"Sọ ọ́."

"Màámi, ẹ wà ní ààfin lánàá. Ṣebí gbogbo rẹ̀ lẹ gbọ́."

"Mo gbọ́. Sọ ọ́."

Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Mo na ìyàwó mi," ló wí. "Ojú mi là sílẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Ìyá arúgbó náà tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ló wí. "Bàbá rẹ kò sọ ọ́ títí a fi sin ín."

Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, ó sì fẹ̀yìn ti àga dáadáa bí ẹni tí kò ní ibòmíràn tó ń lọ.

"Tún un sọ."